Ọdún tí Gbogbo Wa Ga

Òpó ilẹ̀kùn pálọ̀ wa ní Ìkẹ́rẹ́ ṣì wà níbẹ̀ títí di òní. Wọ́n ti kùn ún lọ́dà láìmọye ìgbà, ṣùgbọ́n ẹni tó bá mọ ibi tó yẹ kó wò á ṣì rí àwọn ilà tí Bàbá wa fi pẹ́ńsù fà sára rẹ̀. Ilà Bàbá wà lókè, ti Káyọ̀dé ẹ̀gbọ́n mi tẹ̀ lé e, ti Àǹtí Dúpẹ́ tẹ̀ lé ti Káyọ̀dé. Tèmi ló wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ọdún tí mò ń sọ yìí, Èkìtì ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lára Oǹdó, àwọn àgbà tó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa sì ń fi ìpínlẹ̀ tuntun yangàn bí ẹni pé àwọn ni wọ́n lóyún rẹ̀. Iná mànàmáná kì í dúró, omi ẹ̀rọ kò wá rárá, ṣùgbọ́n a ti kúrò lábẹ́ Àkúrẹ́, ìyẹn sì tó wọn. Ohun tí mo fi ń rántí ilé náà jù ni ariwo rẹ̀: ìgbálẹ̀ Ìyá àgbà láàárọ̀, rédíò Bàbá tó ń hó ju bó ṣe ń sọ̀rọ̀ lọ, àti odó. Odó ilé wa kì í sinmi. Bí a bá jẹ ìrẹsì lọ́sàn-án, Ìyá àgbà á ní a ṣẹ̀ṣẹ̀ panu ni, a ó sì tún gún iyán kí ilẹ̀ tó ṣú, kí ikùn má baà rò pé a ti gbàgbé òun.

Bàbá wa jẹ́ olùkọ́ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì tó wà nílùú wa. Ẹ̀kọ́ ìlera ló ń kọ́ àwọn tó fẹ́ di tísà, kò sì sí bí a ṣe lè jẹ ẹ̀wà lójú rẹ̀ kó má rán wa létí pé ẹ̀wà ló ń tún ara ṣe. Ìyá wa jẹ́ tísà ní Ìgbàrà-Odò. Ìjọba ló gbé e lọ síbẹ̀, ọjọ́ Ẹtì ló máa ń wálé, a sì máa ń gbọ́ ohùn rẹ̀ lórí ọ̀kadà kó tó dé ẹnu ọ̀nà, tó ń sọ fún ọlọ́kadà pé kó rọra. Nítorí náà, Ìyá àgbà, ìyá tó bí Bàbá wa, ló ń bọ́ wa. Ó ti dàgbà gan-an. Ẹ̀yìn rẹ̀ ti tẹ̀ débi pé ojú ilẹ̀ ló máa ń wò tó bá ń rìn, tó bá sì fẹ́ bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, á ní kí onítọ̀hún jókòó ná. Yàrá rẹ̀ ni mò ń sùn. Èmi ni mò ń bá a fi òwú bọ abẹ́rẹ́, èmi ni mò ń ka ara ìgò oògùn fún un, bí mo bá sì lọ sí ilé ìwé, á máa bi àwọn ewúrẹ́ léèrè bóyá mo ti ń bọ̀.

Mo kúrú. Kò sí ọ̀nà mìíràn tí mo fẹ́ gbà sọ ọ́. Nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ mi ń wọ ilé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tísà ní kí n gbé ọwọ́ ọ̀tún gba orí kọjá kí n fi kan etí òsì. Ọwọ́ mi dé agbedeméjì orí, ó sinmi síbẹ̀. Wọ́n ní kí n padà sílé lọ dàgbà díẹ̀ sí i. Mo lọ, mo dàgbà díẹ̀, ṣùgbọ́n díẹ̀ náà ni. Ní ọdún tí mò ń sọ yìí, mo ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, síkẹ́ẹ̀tì tí wọ́n rán fún mi nígbà tí mo wọ girama ṣì bá mi mu rẹ́gí, ìyá wa sì máa ń sọ ọ́ fún àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ bí ẹni tó mọ ìṣúnná owó. Káyọ̀dé ní tirẹ̀ ń ga bí ẹni tí nǹkan ń lé. Bí a bá jọ rìn lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn á kí i pé ó kú ìtọ́jú àbúrò, wọ́n á sì fọwọ́ pa mí lórí. Ìyẹn máa ń dùn mí. Kò sí ẹni tó fẹ́ kí wọ́n máa pa òun lórí ní ọmọ ọdún mẹ́tàlá.

Ìgbà ọdún Àjíǹde ni Àǹtí Dúpẹ́ dé láti Èkó. Òun ni ẹ̀gbọ́n Bàbá wa, òun ló pọ̀n ọ́n nígbà tó wà ní kékeré, kò sì jẹ́ kó gbàgbé ìyẹn. Oúnjẹ inú agolo ló ń tà l'Ékòó, ó sì gbà pé ohun tí kò bá sí nínú agolo kò lè ṣe ọmọ ènìyàn lóore. Bàtà gogoro ni kì í bọ́ lẹ́sẹ̀. Ó bọ́ sílẹ̀ nínú takisí, ó wọ pálọ̀, ìdí bàtà rẹ̀ kan wọ inú kòtò kékeré kan nínú ilẹ̀ wa tó ti sán, ó di ògiri mú. "Ẹ̀yin ará ilé yìí, ẹ tún ilẹ̀ yín ṣe kí n tó padà wá," ló kọ́kọ́ sọ kó tó kí ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn náà ló rí mi níbi tí mo kúnlẹ̀ sí. Ó ní kí n dìde. Mo ní mo ti dìde.

"Olú," ó ké sí Bàbá wa, "ọmọ yìí kò kúrò níbi tí mo fi í sí lọ́dún tó kọjá."

"Àǹtí, ọ̀dọ́ kì í ga lọ́jọ́ kan náà," ni Bàbá wa wí. "Ọmọbìnrin lè dúró pẹ́, kó wá ga lójijì. A ní bí a ṣe ń wò ó." Ó sì lọ gbé bébà ńlá kan jáde, èyí tó fi ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀, tí ilà oríṣiríṣi ń gòkè lára rẹ̀. Ó ṣàlàyé pé ilà tèmi wà nísàlẹ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n ó ń gòkè ní tirẹ̀ díẹ̀díẹ̀, ìyẹn ló sì ṣe pàtàkì. Àǹtí wo bébà náà. Ó ní ohun tó bá wà nísàlẹ̀, ìsàlẹ̀ ló wà.

Báyìí ni Bàbá wa ṣe sọ pé òun á wọn gbogbo ilé kí ọ̀rọ̀ lè tán. A kò ní ẹ̀rọ tí ènìyàn ń dúró lé, ó sì lọ yá ìwọ̀n lọ́wọ́ Bàbá Oníkòkó, tó ń ra kòkó lọ́wọ́ àgbẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù tó wà níwájú ilé wa. Wọ́n so ìwọ̀n náà kọ́ sára igi àjà, wọ́n ní kí n wọ inú àpò, wọ́n sì fi àpò kọ́ ẹnu rẹ̀. Mo ń yí. Òórùn kòkó bo imú mi. Bàbá Oníkòkó fúnra rẹ̀ tẹ̀ lé ìwọ̀n rẹ̀ wá, nítorí kì í fi í sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó wojú rẹ̀, ó mi orí. Ó ní bí wọ́n bá gbé irú èyí wá bá òun, òun á ní kí wọ́n tún un sá sóòrùn. Ọjọ́ yẹn ni Káyọ̀dé sọ mí ní Kòkó Tútù, orúkọ náà ò sì kúrò lára mi láti ọjọ́ náà. Àwọn ọmọ Káyọ̀dé ń pè mí ní Àǹtí Kòkó.

Gíga ló kù. Bàbá mú téèpù ìyá wa jáde kó fi wọ̀n mí láti orí dé àtẹ́lẹsẹ̀. Ìyá àgbà, tó ti ń wo gbogbo rẹ̀ látorí àpótí ìjókòó rẹ̀, fi ọ̀pá lu ilẹ̀.

"Aránṣọ ni ń wọn alààyè, káfíńtà ni ń wọn òkú," ó ní. "Olú, kí ni uṣẹ́ tìrẹ? Mọ́ fi okùn pe ukú sínú ulé mi."

Bàbá ní ìmọ̀ ìlera ni. Ìyá àgbà ní ìmọ̀ ìlera kò tíì na ọmọ kankan tán láti orí dé ẹsẹ̀ lójú òun rí àfi ẹni tí wọ́n fẹ́ gbé posí fún. Wọ́n fà á síhìn-ín, wọ́n fà á sọ́hùn-ún, wọ́n wá fẹnu kò pé a kò ní lo okùn, ẹni kọ̀ọ̀kan á fẹ̀yìn ti òpó ilẹ̀kùn, wọ́n á sì fa ilà sí ibi tí orí rẹ̀ dé. Kí ọkàn ìyá rẹ̀ lè balẹ̀, Bàbá ní bí ohun náà bá ń pa ènìyàn, kó bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ òun. Ó bọ́ bàtà, ó dúró, wọ́n fa tirẹ̀. Káyọ̀dé tẹ̀ lé e. Àǹtí Dúpẹ́ ní kí wọ́n fa tòun náà. Bàbá ní kó bọ́ bàtà gogoro. Ó bọ́ ọ, ó sì dà bí ìgbà tó wọ inú kòtò lọ. Ilà rẹ̀ kò dé ibi ti Káyọ̀dé. Ó wò ó títí, ó ní òpó náà ni kò tọ́.

Lẹ́yìn tèmi, Bàbá ní ó ku ìbéèrè oúnjẹ, nítorí a kì í fi gíga nìkan mọ̀ bóyá ọmọ ń jẹun kánú. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ bá dàgbà nírú ilé wa á ti mọ ibi tí èyí ń lọ. Ìyá àgbà ti kọ́ wa pé ọmọ tó bá nílé kì í ka ohun tó jẹ fún àlejò; bí wọ́n bá bi í, kó ní òun ti yó, kó sì wolẹ̀. Ọmọ tó bá ń ka oúnjẹ lójú àlejò, wọ̀bìà ni. Ní ọjọ́ tó ṣáájú, mo ti jẹ iyán nílé, mo ti jẹ iyán lọ́dọ̀ ìyàwó Bàbá Oníkòkó, mo sì ti jẹ iṣu sísun pẹ̀lú epo nídìí iná.

"Ọlá, kí lo jẹ lánàá?" ni Bàbá bi mí.

"Ẹ̀kọ," ni mo wí, mo wolẹ̀.

"Lẹ́yìn ẹ̀kọ ńkọ́?"

"Mo mu omi."

Mo rí Ìyá àgbà tó ń rẹ́rìn-ín músẹ́, inú rẹ̀ dùn pé ẹ̀kọ́ òun wọ̀ mí lára. Àǹtí Dúpẹ́ ní tirẹ̀ ká ọwọ́ lérí. "Ẹ̀kọ àti omi," ó ní. "Olú, ṣé ẹ̀wọ̀n lo kó àwọn ọmọ yìí sí ni?" Ìyá wa, tó ti wálé fún ọdún, dìde, ó wọ ilé ìdáná lọ, mo sì ń gbọ́ bó ṣe ń gbé ìkòkò kúrò níbìkan lọ síbòmíràn láìnídìí. Mo fẹ́ sáré tẹ̀ lé e kí n ka gbogbo iyán náà fún un níkọ̀ọ̀kan, ṣùgbọ́n àlejò ṣì wà nílé. Àǹtí fi ìka rẹ̀ lé òpó, lókè orí mi díẹ̀, ó ní kí Bàbá fa ilà síbẹ̀. Bàbá fà á. "Bó bá di Kérésì tí orí rẹ̀ kò bá kan ibí yìí," ni Àǹtí wí, "mò ń mú un lọ sí Èkó kó lọ jẹun." Ẹni tó pọ̀n ọ́ kò ṣeé sọ fún pé kó má gbé ọmọ rẹ.

Èmi kò fẹ́ lọ sí Èkó. Mo ti dé ilé Àǹtí rí. Pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni, ènìyàn ò gbọdọ̀ fo, wọ́n sì ń bu oúnjẹ sínú àwo pẹlẹbẹ tí kò gbà ju ohun tí ológbò lè jẹ. Ṣùgbọ́n kì í ṣe nítorí àwo. Ta ni yóò máa fi òwú bọ abẹ́rẹ́ fún Ìyá àgbà? Ta ni àwọn ewúrẹ́ yóò máa sọ fún un pé ó ń bọ̀? Bí mo bá rò ó, mi ò ní lè gbé iyán mì, èyí tí kò bójú mu rárá lákòókò tí mo yẹ kí n máa jẹun.

Bí gbogbo ilé ṣe dìde láti mú mi ga nìyẹn. Bàbá ní kí n máa jẹ ẹ̀wà àti ẹyin, kí n sì máa tètè sùn. Káyọ̀dé ní ọ̀rọ̀ sáyẹ́ǹsì ni. Ó ń gbé mi kọ́ sára ẹ̀ka igi gúáfà nírọ̀lẹ́, á sì di ẹsẹ̀ mi mú nísàlẹ̀. Apá mi gùn, tàbí ó ń ṣe mí bẹ́ẹ̀. Ìyá àgbà ní tirẹ̀ wá ìdí ọ̀ràn dé gbòǹgbò. Ó ní ẹnìkan ló ti fo ẹsẹ̀ mi kọjá nígbà tí mo nà án sílẹ̀, tí kò sì padà fò ó bọ̀, gbogbo ayé sì mọ̀ pé bí wọ́n bá ṣe bẹ́ẹ̀ sí ọmọ, kò ní ga mọ́. Níwọ̀n bí a kò ti mọ ẹni náà, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ti wọ ilé wa rí wá fò ó padà. Mo na ẹsẹ̀ sílẹ̀ ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ Sátidé kan, wọ́n sì ń wá: Bàbá, ìyá wa, ìyàwó Bàbá Oníkòkó pẹ̀lú oyún nínú, ìyá ẹlẹ́ja, àti àwọn olórin ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n kàn wá bi Bàbá léèrè nǹkan. Bàbá Oníkòkó fò mí, ó sì tún padà fò mí nítorí ó gbàgbé nǹkan sọ́hùn-ún, wọ́n sì ní kó tún fò mí lẹ́ẹ̀kan sí i. Ewúrẹ́ ni a kò rí mú.

Lẹ́yìn èyí ni iyán. Òwúrọ̀ iyán, alẹ́ iyán. Mo bi Ìyá àgbà lọ́jọ́ kan bóyá iyán ló mú òkè Olósùnta ìlú wa ga tó bẹ́ẹ̀. Ó ní kí n jẹun, pé òkè náà kò ní àǹtí l'Ékòó.

Nígbà tí Kérésì ku díẹ̀, Ìyá àgbà rántí ohun tí ọmọ rẹ̀ sọ nípa ilẹ̀ pálọ̀. Ó pe bíríkìlà. "Kí o mú un nípọn o," ó ní fún un. "Ulẹ̀ tí bàtà Dúpẹ́ kò ní lè lu ni mo fẹ́." Bíríkìlà da sìmẹ́ǹtì lé orí ilẹ̀ àtijọ́, ó fi pátákó pẹlẹbẹ tí wọ́n ń pè ní fóòtì rẹ́ ẹ títí ó fi ń dán. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ la ń jókòó sí títí ó fi gbẹ. Nígbà tí a fẹ́ ti ilẹ̀kùn, ilẹ̀kùn kò tì mọ́. Ìdí rẹ̀ ń ha ilẹ̀. Bàbá wa pe káfíńtà, òun fúnra rẹ̀ ló sì di ilẹ̀kùn mú nígbà tí wọ́n ń fi ayùn rẹ́ ìdí rẹ̀ kúrò. Òpó ni wọn kò fọwọ́ kàn. Gbogbo wa la dúró tí a wò ó, a sì sọ pé ilẹ̀ náà dára. Pẹ̀lú gbogbo ìwé tó wà nílé wa lọ́jọ́ náà, kò sí ẹni tó rò ó kọjá bẹ́ẹ̀.

Àǹtí Dúpẹ́ dé, ó tẹ ilẹ̀ tuntun mọ́lẹ̀ pẹ̀lú bàtà gogoro, kò rí kòtò, ó sì jókòó. Ó ní kí wọ́n pè mí. Ìyá wa dúró sí ẹnu ọ̀nà ilé ìdáná, ó di etí ìró rẹ̀ mú. Bàbá ló kọ́kọ́ fẹ̀yìn ti òpó gẹ́gẹ́ bó ṣe ṣèlérí fún ìyá rẹ̀. Káyọ̀dé gun àga, ó gbé ìwé orin lé e lórí, ó fa ilà. Ilà tuntun ga ju ti àtijọ́ lọ. Bàbá ní kó tún un ṣe, kó má gbé ìwé náà sókè. Ó tún un ṣe. Ibì kan náà ni. Bàbá wa ti lé ní ogójì ọdún; ní ọjọ́ orí yẹn, ikùn ló ń yọ, ènìyàn kì í ga mọ́. Ó dúró, ó ń wo òpó.

Ó kàn mí. Mo bọ́ bàtà, mo di ojú. Mo gbọ́ ìró pẹ́ńsù lẹ́yìn orí mi, mo sì gbọ́ tí ìyá wa mí kanlẹ̀. Nígbà tí mo la ojú, mo ti kọjá ilà Àǹtí.

Àǹtí Dúpẹ́ wo ilà náà. Ó dìde, ó bọ́ bàtà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni sọ fún un, ó ní, "Ẹ wọn èmi náà." Káyọ̀dé wọ̀n ọ́n. Òun náà ti ga. Kò tíì bá Káyọ̀dé, ṣùgbọ́n ó ti kúrò níbi tó wà. Ojú rẹ̀ tàn débi pé mo rí i bó ṣe rí nígbà tó wà ní ọmọge.

"Mo mọ̀," ó ní. "Mo ti ń rí i nínú díńgí. Ọkọ mi ló ń sọ pé irọ́ ni."

Ìgbà yẹn ni Bàbá wa wo ìdí ilẹ̀kùn. Ó wo ilẹ̀ tó ń dán. Ó wo òpó. Mo rí i tí ojú rẹ̀ yí padà, tí ẹnu rẹ̀ sì là. Ọ̀rọ̀ kan wà tí Bàbá kì í yé sọ fún wa, pé ẹnu ènìyàn lè parọ́, ìwọ̀n kì í parọ́. Bó bá sọ ohun tó rí, èmi ni mo ń bá takisí Èkó lọ. Àǹtí yíjú sí i, ó ní, "Olú, kí lo fẹ́ sọ?"

Bàbá wò mí. Ó wo ìyá wa. Ó wo ìyá tirẹ̀ lórí àpótí.

"Àǹtí," ó ní, "gbogbo wa la ga nínú ilé yìí lọ́dún yìí."

"Uyán ni," ni Ìyá àgbà wí.

Àǹtí Dúpẹ́ ní bó bá jẹ́ iyán ni, kí wọ́n gún un. Ó jẹ ẹ́ ní gbogbo ọjọ́ tó lò lọ́dọ̀ wa, ó sì ń lọ síbi òpó láàárọ̀ lọ yẹ ara rẹ̀ wò. Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, ó kó iṣu kún inú bùútù takisí, kò sí àyè fún mi níbẹ̀ bí wọ́n tilẹ̀ fẹ́ mú mi, ó sì lọ.

Ní ọ̀sán ọjọ́ náà, Bàbá pè mí sí pálọ̀. Ó fi ìdí ilẹ̀kùn àti ilẹ̀ han ìyá rẹ̀, ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ tuntun ló ga, kì í ṣe àwa. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó yé Ìyá àgbà, nígbà tó sì yé e, ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀, ó ní òótọ́ ni Dúpẹ́ ti ń rojọ́ ilẹ̀ tipẹ́. Bàbá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí òun fi téèpù wọ̀n mí lẹ́ẹ̀kan péré, kí ọkàn òun lè balẹ̀. Ó rò ó. Ó ní, "Ṣe é bí aránṣọ," òun fúnra rẹ̀ ló sì tẹ ìdí téèpù mọ́ ilẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ mi. Bàbá wo ibi tó dé lókè. Ó tún wò ó. Ibi tí mo wà ní ọdún Àjíǹde náà ni mo wà. Gbogbo iyán yẹn, gbogbo ẹ̀ka gúáfà, gbogbo ẹni tó fò mí kọjá, wọn kò fi èékánná kan kún un.

"Màmá," ni Bàbá wí, ohùn rẹ̀ wálẹ̀, "ọmọ yìí kò ga rárá."

Ìyá àgbà di ọ̀pá rẹ̀ mú, ó dìde, ó sún mọ́ mi. Ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ bó ṣe máa ń tẹ̀, orí rẹ̀ wálẹ̀ bó ṣe máa ń wálẹ̀, ojú rẹ̀ sì ṣe déédéé ojú mi.

"Fi í sílẹ̀," ó ní. "Gbogbo yín lẹ ti ga kọjá mi nínú ulé yìí. Òun nìkan ló kù tí mo lè rí ojú rẹ̀ lórí ìdúró."

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, mo ga lójijì, gẹ́gẹ́ bí Bàbá ti sọ, síkẹ́ẹ̀tì girama sì dà bí ti ọmọlangidi lára mi. Láti ìgbà náà, bí Ìyá àgbà bá pe orúkọ mi, mo kọ́kọ́ máa ń kúnlẹ̀ kí n tó dá a lóhùn. Àwọn àlejò á ní ilé yìí mà kọ́ ọmọ o. Kò sí ẹni tó sọ fún wọn pé nítorí kó lè rí ojú mi ni.